Raoul Follereau, Alágbàsọ Àwọn Adẹ́tẹ̀

Bí a bá dárúkọ iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni ní ilé ìwòsàn, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni dókítà tí ó mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, tàbí nọ́ọ̀sì tí ó ń fọ egbò láìgba owó oṣù. Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, irú wọn sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa kò kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn rí. Òǹkọ̀wé ni, akọ̀ròyìn sì ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu náà ni ó kó owó jọ tí a fi kọ́ odidi ìlú kan fún àwọn adẹ́tẹ̀ nínú igbó Côte d'Ivoire, orúkọ rẹ̀ kò sì tíì parẹ́ níbẹ̀ títí di òní.

Ẹni tí ó bá mọ Abidjan yóò mọ̀ pé ìlú etí ọ̀sà ni. Ọ̀sà Ebrié ni ó yí i ká. Ọ̀sà náà gùn láti ìhà Grand-Bassam ní ìlà-oòrùn, ó sì kọjá Songon ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àwọn ọmọ Ebrié ti ń pẹja tí wọ́n sì ń gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn ará Èjìgbò àti àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn, tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ọjọ́ pípẹ́, kì í ṣe àlejò ní etí omi náà. Nínú ọ̀sà kan náà, erékùṣù kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní Désirée, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí a ń fẹ́. Orúkọ dídùn ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni a kó lọ síbẹ̀. Àwọn adẹ́tẹ̀ ni. Láti orí erékùṣù yìí ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a rán ara wa létí ohun tí ẹ̀tẹ̀ jẹ́. Ní ọdún 1873 ni dókítà ará Norway kan tí ń jẹ́ Hansen rí kòkòrò tí ó ń fa àrùn náà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀tá fi ṣe ènìyàn. Kòkòrò ni, kò sì yára ràn bí ìgbóná tàbí onígbá-méjì. Nínú ogún ènìyàn, nǹkan bí mọ́kàndínlógún ni ara wọn ní agbára láti ṣẹ́gun rẹ̀ láìlo oògùn. Ohun tí ó ń bàjẹ́ ni àwọn iṣan tí a fi ń mọ ìrora. Iná jó adẹ́tẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ̀. Ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Egbò náà kẹ̀, ìka sì bẹ̀rẹ̀ sí í run, nítorí pé ẹni tí ó ni ín kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó tọ́jú rẹ̀.

Àwọn baba wa kò mọ èyí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ẹ̀yìn odi ni adẹ́tẹ̀ ń gbé. Bí ó bá sì kú, inú igbó ni a ń sin ín sí. Òwe wa pàápàá kò ṣàánú rẹ̀. A ní adẹ́tẹ̀ kò lè fún wàrà, ṣùgbọ́n ó lè dà á nù. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí rí ìbínú adẹ́tẹ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè ẹni tí ó lé e kúrò nílé. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Yúróòpù àtijọ́, agogo ni adẹ́tẹ̀ ń lù bí ó bá ń rìn, kí àwọn tí ó wà lọ́nà lè gbọ́ kí wọ́n sì yà fún un. Nígbà tí àwọn amúnisìn sì dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n kò mú àṣà ìlénijáde kúrò. Òfin ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn. Wọ́n sọ ẹ̀yìn odi di àgọ́ àti erékùṣù.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni a bí Raoul Follereau ní ìlú Nevers, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé. Bàbá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ogun àgbáyé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914 gba ẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ náà kò tíì pé ogún ọdún tí ó ti ń dúró níwájú èrò láti sọ̀rọ̀, tí ó sì ti ń tẹ ìwé jáde. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òfin àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí, ó kọ ewì, ó kọ eré orí ìtàgé, ó sì di akọ̀ròyìn ní Paris. Ní ọdún 1925 ni ó gbé Madeleine Boudou níyàwó. Obìnrin yìí ni ó di alábàárìn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà jíjìn tí ó rìn lẹ́yìn náà.

A kò ní fi òtítọ́ kan pamọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa. Nígbà èwe rẹ̀, ọ̀làjú ilẹ̀ tirẹ̀ ni ó gba ọkàn Follereau. Ní ọdún 1927 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó fẹ́ so àwọn orílẹ̀-èdè tí èdè wọn ti inú Látìnì jáde pọ̀ ṣọ̀kan, kí wọ́n lè gbé ẹ̀sìn àti àṣà wọn ga. Bí a bá kà nípa rẹ̀ títí dé ibẹ̀ nìkan, a kò ní rí ìdí kankan tí ọmọ Áfíríkà fi ní láti rántí orúkọ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Yúróòpù tí ó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà kò níye.

Ohun tí ó yí ìrìn rẹ̀ padà ni aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn kan ní Argentina bẹ̀ ẹ́ pé kí ó lọ tọ ipasẹ̀ Charles de Foucauld, ọmọ ogun Faransé tí ó di àlùfáà, tí ó ń dá gbé láàárín àwọn Tuareg, tí a sì pa ní Tamanrasset ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1916. Ní ọjọ́ kan nínú ìrìn àjò náà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn gbóná, wọ́n sì ní láti dúró kí ó tutù. Bí wọ́n ti dúró, Follereau rí àwọn ojú kan tí ń yọ láàárín igbó kékeré kan, lẹ́yìn náà àwọn ara tí ó rù hangogo. Ó pè wọ́n kí wọ́n súnmọ́ òun. Àwọn kan sá lọ, àwọn mìíràn sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wò ó. Ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń fi ọ̀nà hàn wọ́n, onítọ̀hún sì dá a lóhùn pé adẹ́tẹ̀ ni wọ́n. Ó tún béèrè ìdí tí wọn kò fi sí ní abúlé, àti bóyá ẹnìkan ń tọ́jú wọn. Ọkùnrin náà kò rí èsì kankan fún un. Ó yí padà, ó lọ wo ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òyìnbó ni ó ti rí adẹ́tẹ̀ lójú ọ̀nà ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n sì ti wa ọkọ̀ wọn lọ. Follereau náà wọkọ̀, ó lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, ó mọ̀ pé ohun kan wà tí ó yẹ kí a ṣe, kò sì mọ ohun tí òun, tí kì í ṣe oníṣègùn, lè ṣe sí i.

Ogun àgbáyé kejì ni ó mú ìdáhùn wá. Ní ọdún 1940 ni Jámánì ṣẹ́gun Faransé. Follereau ti kọ̀wé tako Hitler ṣáájú, nítorí náà ó di ẹni tí ń sá kiri. Ní ọdún 1942, ilé àwọn Sístà kan ní Vénissieux, lẹ́bàá ìlú Lyon, ni ó fara pamọ́ sí. Àwọn Sístà wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti àwọn Àpọ́sítélì ni wọ́n, èyí tí Fada Augustin Planque dá sílẹ̀ ní Lyon ní ọdún 1876, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta ní ayé àwọn baba ńlá wa. Ní Lántòrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ìjọ Àgùdà ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní ọdún 1895, àwọn àgbà ìlú mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó wá tọ́jú ẹni tí kò bá a tan.

Ọ̀gá àwọn Sístà náà nígbà náà ni Ìyá Eugénie, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Ravasio. Ọmọ Ítálì ni. Ọdún 1907 ni a bí i sí ìdílé àgbẹ̀, kò sì tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà tí a fi í ṣe olórí gbogbo ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1935. Ó ti rìn dé Côte d'Ivoire, ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn tí a kó sí erékùṣù Désirée. Ohun tí ó rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó pinnu pé a kò ní tún erékùṣù náà ṣe, nítorí pé bí a bá kun ẹ̀wọ̀n ní ọ̀dà, ẹ̀wọ̀n náà ni yóò máa jẹ́. Ìlú ni ó fẹ́ kọ́. Ó fẹ́ kọ́ ọ sínú igbó lẹ́bàá Adzopé, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Abidjan ní ìhà àríwá, kí adẹ́tẹ̀ lè ní ilé tirẹ̀ àti oko tirẹ̀, kí ó lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ilé ìwòsàn sì wà láàárín ìlú náà bí ọjà ti í wà láàárín ìlú wa.

Ìpinnu wà, ṣùgbọ́n owó kò sí. Ogun ti dí gbogbo ọ̀nà. Nígbà náà ni àlejò tí ó fara pamọ́ sílé wọn yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó ní kí àwọn Sístà máa bá iṣẹ́ náà lọ, kí wọ́n má ṣe ronú nípa owó mọ́, nítorí pé òun ni yóò máa wá a. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìpín iṣẹ́ yìí. Kò béèrè pé kí wọ́n fi òun ṣe ọ̀gá Adzopé, kò sì yan ibi tí a óò kọ́ ilé sí. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni ó mú wá.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1943, ní ìlú Annecy, ó sọ ọ̀rọ̀ kìíní fún àwọn adẹ́tẹ̀ Adzopé. Ogun ṣì ń lọ lọ́wọ́. Oúnjẹ ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà, pẹ̀lú káàdì ni a fi ń rà á, ebi sì ń pa àwọn tí ó jókòó tí wọ́n ń gbọ́rọ̀. Síbẹ̀ wọ́n dáwó. Láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ní Faransé, ní Belgium, ní Switzerland, ní Kánádà, àti ní Àríwá Áfíríkà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ìgbà tí ó dìde sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1942 ni ó ti dá ètò kan sílẹ̀ tí ó pè ní Wákàtí Àwọn Tálákà: kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ yọ owó iṣẹ́ wákàtí kan péré sílẹ̀ lọ́dún fún àwọn aláìní. Òṣìṣẹ́ kékeré lè ṣe é, olówó sì lè ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ẹrù náà wúwo jù fún òun. Àwa tí a mọ èsúsú àti àárò kò ní ṣàì mọ ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní Adzopé, igi ńláńlá ni a kọ́kọ́ gé. Àwọn Sístà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Àwọn ọmọ Côte d'Ivoire ni ó fi àdá ṣán igbó, tí wọ́n sì fi ọwọ́ gbé àwọn ilé náà ró. Àwọn náà ni ó ń ru aláìsàn, tí ó ń fọ egbò, tí ó ń se oúnjẹ. Ìwé kò dárúkọ wọn, a kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 fi bẹ̀rẹ̀, ìlú ti dìde nínú igbó, adẹ́tẹ̀ sì ti ń gbé ilé tí kò ní odi ẹ̀wọ̀n.

Ó yẹ kí a rántí irú àkókò tí èyí jẹ́. Nígbà tí Follereau bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn ènìyàn fún owó, ìjọba Faransé ṣì ń fipá mú àwọn ọmọ Côte d'Ivoire lọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà rélùwéè àti ní oko àwọn òyìnbó. Ọdún 1946 ni òfin tí Félix Houphouët-Boigny gbé síwájú ilé ìgbìmọ̀ ní Paris fi òpin sí iṣẹ́ àfipáṣe náà. Houphouët-Boigny fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ìṣègùn. Lẹ́yìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Dakar ní ọdún 1925, ilé ìwòsàn Abidjan ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì mọ ohun tí ó jẹ́ láti jẹ́ dókítà ọmọ Áfíríkà tí a kò kà sí ẹgbẹ́ dókítà òyìnbó. Ìjọba tí ó ní agbára láti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin lọ sí oko ẹlòmíràn kò rí agbára láti kọ́ ilé fún àwọn adẹ́tẹ̀ inú ìlú kan náà. Nítorí náà ni owó ṣe ní láti ti inú àpò àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀nà jíjìn wá. Kí ìyìn tí a ń fún Follereau má ṣe mú wa gbàgbé gbèsè yìí.

Ní àkókò náà gan-an ni oògùn dé. Òróró èso igi kan láti ilẹ̀ Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní chaulmoogra, ni a ti ń gún fún àwọn adẹ́tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dunni, àǹfààní rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní ọdún 1941, ní Carville ní Amẹ́ríkà, a bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tuntun kan tí ó ń pa kòkòrò náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí Nàìjíríà tiwa náà kó ipa ńlá. Ní Uzuakoli, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, Dókítà John Lowe àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn ní ìparí àwọn ọdún 1940 pé dapsone, oògùn oníhóró tí owó rẹ̀ kéré, tí a sì ń gbé mì lásán, lè wo ẹ̀tẹ̀. Láti orí ara àwọn aláìsàn ilẹ̀ wa ni ìmọ̀ náà ti tàn ká gbogbo ayé.

Ẹnìkan lè rò pé iṣẹ́ Follereau parí níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni ó rí. Oògùn wà, ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ kò jáde wá gbà á, nítorí pé ẹni tí ó bá jáde ti di ẹni ìtanù. Àwọn ẹbí ń fi aláìsàn pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn títí tí ìka yóò fi tán. Àwọn tí a ti wò sàn pàápàá kò rí ilé padà sí. Follereau wá rí i pé àìsàn méjì ni òun ń bá jà, ọ̀kan nínú ara adẹ́tẹ̀, èkejì nínú ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ le. Fún ti èkejì, kò sí oògùn oníhóró. Nítorí náà ni ó ṣe ń lọ sí àwọn ibùdó adẹ́tẹ̀ káàkiri ayé, tí ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní gbangba, tí ó ń gbá wọn mọ́ra níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó dúró lókèèrè. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀tẹ̀ kò sì mú un. Ẹ̀kọ́ tí ó fi ara rẹ̀ kọ́ni nìyẹn, kò sì sí ìwé tí ó lè kọ́ni tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ súnmọ́ wọn. Ní ọdún 1873, Fada Damien, ọmọ Belgium, yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa gbé láàárín àwọn adẹ́tẹ̀ ní erékùṣù Molokai ní Hawaii. Àrùn náà mú un, ó sì kú níbẹ̀ ní ọdún 1889. Nígbà ayé Damien kò sí oògùn, ohun tí ó lè ṣe kò ju kí ó bá wọn kú lọ. Oògùn ti dé ní ayé Follereau, nítorí náà ohun tí ó ń béèrè ni pé kí a jẹ́ kí wọ́n bá wa gbé.

Ní ọdún 1952 ó kọ̀wé sí Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè pé kí a fún adẹ́tẹ̀ ní ẹ̀tọ́ bíi ti gbogbo aláìsàn yòókù, kí òfin má ṣe sọ wọ́n di ẹlẹ́wọ̀n mọ́. Ní ọdún 1954 ó dá Ọjọ́ Àwọn Adẹ́tẹ̀ ní Àgbáyé sílẹ̀, èyí tí a ń ṣe ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù Kìíní, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì so pọ̀ mọ́ ìrántí ikú Gandhi. Ní ọdún kan náà ni ó kọ ìwé sí Eisenhower, olórí Amẹ́ríkà, àti sí Malenkov, olórí ìjọba Rọ́ṣíà. Ó bẹ olúkúlùkù wọn fún ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù kan péré, nítorí pé nínú ìṣirò rẹ̀, owó ọkọ̀ méjèèjì tó láti tọ́jú gbogbo adẹ́tẹ̀ tí ó wà láyé. Ajubọ́ǹbù Amẹ́ríkà kò dín kan, bẹ́ẹ̀ ni ti Rọ́ṣíà kò dín kan. Kò sinmi. Ní ọdún 1964 ó tún bẹ gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n yọ owó ogun ọjọ́ kan péré sílẹ̀ lọ́dún láti fi gbógun ti àìsàn àti òṣì, àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì kọ káàdì ránṣẹ́ sí Àjọ náà láti tì í lẹ́yìn. Ní ọdún 1966 àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbógun ti ẹ̀tẹ̀ ní Yúróòpù para pọ̀ di ọ̀kan, òun sì wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Àwọn kan lára àwọn ará wa yóò béèrè ìdí tí a fi ń yin òyìnbó kan báyìí. Ìbéèrè náà tọ́. Follereau kì í ṣe ajàfómìnira, a kò sì ní fi aṣọ tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tí Côte d'Ivoire gba òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni ó jà fún un. Àánú àjèjì náà sì ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ẹni tí a ń ṣàánú lè gbàgbé pé òun ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọkùnrin yìí bèèrè lọ́wọ́ àwọn alágbára ayé. Kò ní kí wọ́n fún adẹ́tẹ̀ ní ajẹkù oúnjẹ. Ó ní kí wọ́n fi ohun ìjà wọn ra oògùn, kí wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ sínú òfin. Ẹni tí ó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní ẹni tí ń fi àánú ṣe fújà.

Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí, a ní i nítòsí. A bí Ikoli Harcourt Whyte ní Abonnema ní ọdún 1905. Ẹ̀tẹ̀ mú un nígbà èwe rẹ̀, a sì mú un lọ sí Uzuakoli ní ọdún 1932. Níbẹ̀ ni ó ti kó àwọn adẹ́tẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sínú ẹgbẹ́ akọrin, tí ó sì ń kọ orin fún wọn ní èdè Igbo, títí orin wọn fi tàn kọjá ibùdó náà. Ní ọdún 1949 ni àwọn dókítà sọ pé ara rẹ̀ ti dá, pé ó lè máa lọ. Kò lọ. Ó dúró ti àwọn tí ó kù, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó ń kọ́ wọn lórin. Follereau wá láti òde sínú ilé ìwòsàn. Harcourt Whyte ní ẹ̀tọ́ láti jáde, ó sì kọ̀ láti jáde. Ọdún 1977 ni àwọn méjèèjì kú. Jàǹbá ọkọ̀ ni ó pa Harcourt Whyte. Follereau ní tirẹ̀ kú ní Paris ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Láti ọdún 1981 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fọwọ́ sí oògùn mẹ́ta tí a ń lò pọ̀, tí ó ń wo ẹ̀tẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, láti ọdún 1995 sì ni a ti ń fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní oògùn náà lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2023 nìkan, àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àrùn náà lára wọn ní gbogbo ayé lé ní 180,000, Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí a ti rí wọn. Ní Adzopé, ilé ìwòsàn tí ń jẹ́ orúkọ Follereau ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀, ó sì ń tọ́jú egbò Buruli, èyí tí kòkòrò kan tí ó bá ti ẹ̀tẹ̀ tan ń fà ní àwọn ilẹ̀ tí omi yí ká.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ ń rí ara ọmọ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n kan lára ọmọ, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá ju ti ara yòókù lọ tàbí tí ó pọ́n díẹ̀, tí ọmọ náà kò sì mọ̀ nígbà tí nǹkan kàn án níbẹ̀, ẹ má ṣe dúró. Ẹ pe àwọn òbí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí oògùn rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí a bá tètè rí i, ìka kan kò ní dín lọ́wọ́ ọmọ náà. Bí ìtìjú bá sì mú kí a fi í pamọ́, oògùn yóò pa kòkòrò lẹ́yìn ọ̀la, ṣùgbọ́n ìka tí ó ti lọ kò ní padà. Bí ọmọ kan bá sì fi adẹ́tẹ̀ bú ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú kíláàsì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Irú èébú bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti aláìsàn mọ́ yàrá ẹ̀yìn.

Fún àwa yòókù, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ó wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò wa kò lópin. Àwọn aláìsàn kan wà tí kò sí ẹni tí ń bẹ̀ wọ́n wò, àwọn kan kò mọ ìwé tí a fún wọn kà, àwọn kan kò rí ẹni bá wọn pọn omi. Kò sí èyí tí ó gba ìwé ẹ̀rí dókítà. Follereau kò ní í, ó sì rí ohun tí ó lè ṣe. Owó tí a fi kọ́ Adzopé ti òkèèrè wá nígbà tí ọwọ́ wa kò sí lórí ìjọba ilẹ̀ wa. Òmìnira ti dé láti ọdún 1960, ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀ sì wà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí àwọn tí ara wọn ti dá ń gbé nítorí pé ilé wọn kò gbà wọ́n padà. Àwa ni wọ́n ń retí báyìí.